Ẹgbẹ́ Tó Gbá Bọ́ọ̀lù Lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, Tí Kò Borí Lẹ́ẹ̀kan

Níbi ìpàdé wa tó kọjá, àwọn kan dábàá pé kí a tú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àwọn ọ̀dọ́ wa ká, nítorí pé wọ́n ń pàdánù ṣáá. A kò tíì fẹnu kò. Kí a tó tún jókòó, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ìtàn kan láti Amẹ́ríkà.

Bọ́ọ̀lù tiwọn kì í ṣe irú tiwa. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń jù ú. Ìta gbangba ni wọ́n ti ń gbá a tẹ́lẹ̀. Ní 1981, ọ̀gbẹ́ni Jim Foster wo bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nínú gbọ̀ngàn kan ní New York, ó sì rò ó pé tiwọn náà lè wọ abẹ́ òrùlé. Líìgì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1987 pẹ̀lú ẹgbẹ́ 4. Gígùn pápá jẹ́ 50 yáàdì, ìdajì ti ìta. Ènìyàn 8 ló ń gbá a fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe 11.

Ní 1991, ẹgbẹ́ tuntun kan, Columbus Thunderbolts, wọ líìgì náà láti ìpínlẹ̀ Ohio. Wọ́n gbá ìdíje 10, wọ́n sì pàdánù mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ní 1992, wọ́n kó ẹgbẹ́ náà lọ sí Cleveland, ní ìpínlẹ̀ Ohio kan náà. Wọ́n borí díẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìpàdánù ló pọ̀ jù. Lẹ́yìn 1994, ó parí.

Ẹnìkan lè sọ pé kíkó kúrò nílùú ló bà á jẹ́. Ẹ dúró ná. Pittsburgh Gladiators wà lára ẹgbẹ́ 4 àkọ́kọ́. Wọ́n dé àṣekágbá ní 1987 àti 1989, wọ́n pàdánù méjèèjì. Wọn kò tú ká. Ní 1991 yẹn gan-an, wọ́n kó lọ sí Tampa ní Florida, wọ́n yí orúkọ padà sí Tampa Bay Storm, wọ́n sì gba ife lọ́dún náà. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n gbà á kí ẹgbẹ́ náà tó kógbá sílé lẹ́yìn ìdíje ọdún 2017. Àwa tí a ti kó kúrò nílé mọ̀ pé àjò nìkan kì í gbé ènìyàn ga, kì í sì í rẹ ènìyàn sílẹ̀.

Ìlú Columbus náà kò sinmi. Ní 2004, wọ́n gba ẹgbẹ́ mìíràn, Columbus Destroyers. Ní 2007, ẹgbẹ́ yìí dé àṣekágbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdíje tí wọ́n pàdánù lọ́dún náà ju èyí tí wọ́n borí lọ kí ìpele ìyọkúrò tó bẹ̀rẹ̀. San Jose ló fi 55 sí 33 nà wọ́n. Síbẹ̀, ìlú tí kò borí lẹ́ẹ̀kan ní 1991 ti dé ẹnu ọ̀nà ife.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ ká wẹ̀yìn wò. Ta ló ń san owó olùkọ́ àwọn ọmọ wa? Ọjọ́ mélòó ni wọ́n ń rí pápá lò lọ́sẹ̀? Àwa àgbà tí a fẹ́ tú wọn ká, ìgbà mélòó la ti lọ wò wọ́n? Àwa tí à ń kọ èyí, ẹ̀ẹ̀kan péré ni, a kò sì dúró parí. Bí a bá pàdé lóṣù tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dáhùn ìyẹn.

Ó dìgbà kan ná.