Kámẹ́rà ìjọba ń wò ọ́ ní Ouagadougou: Ṣé o lẹ́tọ̀ọ́ láti rí fídíò tí ojú rẹ wà nínú rẹ̀?

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwọn agbébọn kọlu Ouagadougou, olú ìlú Burkina Faso, láàárín ọdún mẹ́ta. Ní ọjọ́ 15, oṣù Kínní, ọdún 2016, wọ́n pa ọgbọ̀n èèyàn ní ilé ìtura Splendid àti ilé oúnjẹ Cappuccino ní òpópónà Kwame Nkrumah. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, wọ́n tún yìnbọn pa èèyàn ní ilé oúnjẹ Aziz Istanbul, ní òpópónà kan náà. Ní oṣù Kẹta ọdún 2018, ó kan olú iléeṣẹ́ ọmọ ogun àti iléeṣẹ́ aṣojú ìjọba Faransé.

Ní ọdún 2021, ìjọba gbé iṣẹ́ àkànṣe Smart Burkina kalẹ̀. Nínú ètò náà, tí àwọn iléeṣẹ́ China lọ́wọ́ sí, kámẹ́rà tó tó 900 ni wọ́n ní àwọn yóò gbé sí Ouagadougou àti Bobo-Dioulasso.

Ohun tí kámẹ́rà lè ṣe fún ọlọ́pàá kò ṣòro láti mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọkọ̀ gbá lójú pópó ńkọ́, tàbí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn irọ́ kàn? Ṣé òun náà lè ní kí wọ́n fi fídíò ọjọ́ náà han òun?

Kí ni òfin sọ?

Burkina Faso wà lára àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó kọ́kọ́ ṣe òfin lórí ìdáàbòbò dátà ará ìlú. Ọdún 2004 ni wọ́n ti ṣe é, òfin náà ló sì dá àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní CIL. Ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹta, ọdún 2021, ilé aṣòfin fọwọ́ sí òfin tuntun láti rọ́pò ti àtijọ́. Ọdún kan náà ni ètò kámẹ́rà yìí bẹ̀rẹ̀.

Lábẹ́ irú òfin yìí, ohunkóhun tí wọ́n lè fi dá èèyàn mọ̀ ni dátà rẹ̀. Kì í ṣe orúkọ àti nọ́ńbà fóònù nìkan. Ojú èèyàn nínú fídíò wà lára rẹ̀. Ará ìlú lè béèrè ohun tí wọ́n ní nípa òun, kí ó ní kí wọ́n ṣàtúnṣe rẹ̀, tàbí kí ó ta ko bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Èyí kò sọ fídíò náà di tìrẹ o. Ẹni tó gbé kámẹ́rà kalẹ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀. Ohun tí òfin fún ọ ni ẹ̀tọ́ láti mọ apá tó kàn ọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le

Òfin dátà lọ́pọ̀ orílẹ̀-èdè ló yọ ọ̀rọ̀ ààbò ìlú àti ìwádìí ìwà ọ̀daràn sọ́tọ̀. Tí ìjọba bá ti pe fídíò kan ní ọ̀rọ̀ ààbò, ọ̀nà ará ìlú síbẹ̀ á dín kù.

Ní Burkina Faso, níbi tí àwọn ológun ti gbàjọba lẹ́ẹ̀mejì ní ọdún 2022, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Ní ọjọ́ kìíní, oṣù Kejìlá, ọdún 2023, àwọn ọkùnrin tí kò wọ aṣọ iṣẹ́ gbé ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn Daouda Diallo lọ ní Ouagadougou, nígbà tó ń ti ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìwé ìrìnnà jáde. Oṣù Kẹta ọdún 2024 ló tó gba òmìnira. Àwọn ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn fẹ̀sùn kan ìjọba pé ó ń fipá mú àwọn tó ń ta kò ó wọṣẹ́ ológun.

Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kámẹ́rà òpópónà lè jẹ́ ẹlẹ́rìí pàtàkì fún ẹbí ẹni tí wọ́n gbé lọ. Àmọ́ ìjọba tí wọ́n fẹ̀sùn kàn náà ló ni kọ́kọ́rọ́ yàrá tí fídíò wà.

Nàìjíríà náà mọ bó ṣe rí. Lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ Lekki ní ọjọ́ 20, oṣù Kẹwàá, ọdún 2020, ìgbìmọ̀ olùwádìí ìpínlẹ̀ Èkó ní láti gba fídíò kámẹ́rà lọ́wọ́ LCC, iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ẹnubodè náà. Ohun tí fídíò náà fi hàn àti ohun tí kò fi hàn dá awuyewuye sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ tó ní agbára òfin ló rí i gbà. Bóyá ará ìlú lásán ì bá rí i gbà, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é níbòmíràn?

Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnikẹ́ni lè kọ̀wé sí ẹni tó ni kámẹ́rà CCTV pé kó fún òun ní fídíò tí òun wà nínú rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀fẹ́ ni, ó sì yẹ kí èsì dé láàárín oṣù kan. Wọ́n lè bo ojú àwọn ẹlòmíràn tó wà nínú fídíò náà, torí àwọn náà ní ẹ̀tọ́ tiwọn.

Ayàwòrán Manu Luksch lo ẹ̀tọ́ yìí láti kó fídíò ara rẹ̀ jọ lọ́wọ́ àwọn tó ni kámẹ́rà ní London, ó sì fi ṣe fíìmù Faceless, tó jáde ní ọdún 2007. Bí wọ́n ṣe bo ojú àwọn ẹlòmíràn ló bí orúkọ fíìmù náà.

Tí o bá nílò fídíò ara rẹ

• Tètè béèrè. Ẹ̀rọ kámẹ́rà máa ń pa fídíò àtijọ́ rẹ́ láti fi ààyè gba tuntun. Ní ilẹ̀ Faransé, òfin kò gbà kí wọ́n tọ́jú fídíò òpópónà ju oṣù kan lọ, àyàfi tí ìwádìí bá ń lọ lórí rẹ̀.

• Kọ ọ́ sínú ìwé, kí o sì tọ́jú ẹ̀dà. Sọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ọjọ́, aago àti aṣọ tí o wọ̀. Fi ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ rẹ sí i.

• Tí ọ̀rọ̀ bá kan ẹ̀sùn tàbí ìjàǹbá, ní kí agbẹjọ́rò tàbí ọlọ́pàá kọ̀wé kí wọ́n má pa fídíò náà rẹ́.

• Tí wọ́n bá kọ̀, gba ọ̀dọ̀ àjọ tó ń rí sí dátà lọ. Ní Burkina Faso, CIL ni. Ní Benin, APDP ni. Ní Togo, IPDCP ni, lábẹ́ òfin ọdún 2019. Ní Nàìjíríà, NDPC ni, lábẹ́ òfin tí ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù Kẹfà ọdún 2023.