Ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́: Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni jẹ̀díjẹ̀dí o!

Bí èèyàn bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ ẹ̀ ní Ṣágámù, kó tó sọ̀rọ̀ tán làwọn ará ilé á ti ní, "Jẹ̀díjẹ̀dí ni, lọ mu àgbo." Ẹ rọra o, ẹ̀yin èèyàn wa! Jẹjẹrẹ ìfun náà máa ń fa ẹ̀jẹ̀. Nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún lè kéré débi pé ojú lásán ò ní í rí i.

Ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní FIT fi wà. Kò sí abẹ́rẹ́, wọn ò ki nǹkan kan bọ ìdí ẹnikẹ́ni. Ìgbẹ́ bíńtín ni wọ́n ń gbà, tí wọ́n á fi wá ẹ̀jẹ̀ tó fara pamọ́. Bí wọ́n bá rí i, ìyẹn ò tíì sọ pé jẹjẹrẹ ni. Dókítà á ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kámẹ́rà wo ìfun ni. Lọ́dún 2018, àwọn American Cancer Society ní kára ó máa bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò láti ẹni ọdún 45. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe FIT.

Ẹni tó bá ti ń fojú rí ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Ìyẹn ò gbọdọ̀ dúró de FIT rárá. Ọsibítù ńlá OOUTH wà ní Ṣágámù níbẹ̀, kó gba ọ̀dọ̀ dókítà lọ. Ìtìjú ìdí ò tó ohun téèyàn ń tìtorí ẹ̀ kú.