Dẹ Okùn, Fa Okùn: Ìdí Tí Koyunbaba Fi Ń Mú Àwọn Onígìtá Làágùn

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí gbogbo wa mọ̀. Tí onílù bá gbé dùndún kọ́ èjìká lọ́jọ́ ìnáwó ní Àrẹ̀mọ, ẹ wo ọwọ́ òsì rẹ̀ dáadáa. Bó bá fún ọsán ìlù mọ́ra, awọ á le, ohùn á lọ sókè. Bó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀. Físíìsì tí mo fẹ́ ṣàlàyé lónìí, inú ọwọ́ yẹn ló wà.

Nǹkan mẹ́ta ló ń pinnu ohùn okùn gìtá: bó ṣe gùn tó, bó ṣe wúwo tó, àti bó ṣe le tó. Marin Mersenne, ará Faransé, ti kọ òfin yìí sílẹ̀ láti 1636. Okùn tó nípọn jù lórí gìtá máa ń gbọ̀n bí ìgbà 82 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èyí tó tínrín jù, bí ìgbà 330.

Bí a ṣe sábà máa ń to ohùn gìtá, láti orí okùn tó nípọn, ni E A D G B E. Ṣùgbọ́n ní 1985, Carlo Domeniconi, ará Ítálì tó ti gbé ní Tọ́kì, kọ orin kan tó ń jẹ́ Koyunbaba. Ó ní kí onígìtá to tirẹ̀ sí C♯ G♯ C♯ G♯ C♯ E. Okùn márùn-ún nínú mẹ́fà ló yí padà!

Ẹ wo ìṣírò rẹ̀. Okùn E tó nípọn gbọ́dọ̀ dẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 29 nínú ọgọ́rùn-ún kó tó di C♯. Okùn B ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ le sí i ní nǹkan bí ìdá 26. Tí okùn yẹn bá ti gbó, ó lè já mọ́ ọ lọ́wọ́.

Kò tán síbẹ̀ o. Okùn ọ̀rá kì í tètè gbàgbé: èyí tí o fà á máa rọra dẹ̀, èyí tí o dẹ̀ á máa rọra gòkè. Okùn tó dẹ̀ jù tún ń gbọ̀n débi tí á fi máa kan irin ọrùn gìtá, á sì máa han. Ìka tó ti mọ̀nà láti ọdún mẹ́wàá á wá dà bí àlejò.

Kí wá ni èrè rẹ̀? Ohùn méjì péré, C♯ àti G♯, ló wà lórí okùn márùn-ún yẹn. Tí o bá ta ọ̀kan, àwọn yòókù á gbọ̀n láìfọwọ́kàn wọn, torí ohùn wọn bára mu. Gìtá kan á wá máa dún bí ẹni pé wọ́n pọ̀.

Nítòsí wa níbí, kóra ní okùn 21, ètò ohùn tirẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti gìtá. Síbẹ̀, Derek Gripper, ará South Africa, kó orin kóra Toumani Diabaté ará Mali sórí gìtá olókùn mẹ́fà, ó sì gbé àwo One Night on Earth jáde ní 2012. E A D G B E kì í ṣe òfin àtọ̀runwá. Àdéhùn lásán ni.

Tí ìwọ náà bá fẹ́ gbìyànjú ẹ̀, lo okùn tuntun, fà á díẹ̀díẹ̀, jẹ́ kó sinmi, kí o sì tún un tò kí o tó bẹ̀rẹ̀. Má jẹ́ kí ọjọ́ àkọ́kọ́ lé ẹ sá.