Oyè Kì í Fúnni Ní Ipa: Ìwà àti Ète Nínú Ìgbésí Ayé Aṣáájú Ìjọ

Ní ọjọ́ tí a bá gbé ọwọ́ lé òjíṣẹ́ tuntun lórí, ìjọ fún un ní àṣẹ. Láti ọjọ́ náà lọ, ó lè ṣe ìrìbọmi, ó lè so tọkọtaya pọ̀, ó sì lè jókòó sórí àga alága ìpàdé. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ìgbọ́wọ́léni kò lè fúnni, òun ni pé kí àwọn ènìyàn fi ọkàn tán wa kí wọ́n sì tẹ̀lé wa. Ohun tí a pè ní ipa nìyẹn. Àṣẹ ń mú kí ìjọ ṣe ohun tí a wí nígbà tí a bá wà níbẹ̀. Ipa ni í mú kí wọ́n ṣe é nígbà tí a kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi Sámúsónì àti Sámúẹ́lì wé ara wọn. Àwọn méjèèjì ni a yà sọ́tọ̀ fún Olúwa kí a tó bí wọn, abẹ kò sì gbọdọ̀ kan orí èyíkéyìí nínú wọn. Àwọn méjèèjì ló ṣe onídàájọ́ Ísírẹ́lì. Kò sí ẹni tó lè sọ pé Sámúsónì kò ní ẹ̀bùn, nítorí Ẹ̀mí Olúwa bà lé e lọ́pọ̀ ìgbà. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn Fílístínì dìde sí i, ọkùnrin 3,000 jáde láti Júdà. Wọn kò wá ràn án lọ́wọ́. Wọ́n wá dè é kí wọ́n lè fà á lé ọ̀tá lọ́wọ́ ni (Àwọn Onídàájọ́ 15:11–13). Nígbà tí wọ́n bi í léèrè ohun tó ṣe, èsì rẹ̀ ni pé ohun tí wọ́n ṣe sí òun ni òun ṣe sí wọn. Ẹ kíyè sí i: ẹ̀san ara rẹ̀ ló ń jà fún. Agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ète rẹ̀ kò tóbi tó ohun tí ènìyàn mìíràn lè bá a gbé.

Sámúẹ́lì ní tirẹ̀ dàgbà, irun rẹ̀ funfun, ọba ti gorí oyè. Ó pe gbogbo Ísírẹ́lì jọ, ó ní kí ẹni tí òun gba màlúù rẹ̀, tàbí tí òun rẹ́ jẹ, tàbí tí òun gba rìbá lọ́wọ́ rẹ̀, jáde wá sọ ọ́ níwájú Olúwa. Kò sí ẹni tó rí ohun kan sọ (1 Sámúẹ́lì 12:3–5). Àṣẹ ti ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ṣì ń mú ọkàn wọn wárìrì.

Ní ilẹ̀ wa pẹ̀lú, a rí àpẹẹrẹ nínú Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tí a bí ní Odò-Ọwá ní ọdún 1904. Iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe, ó ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ojú títì, nígbà tí ó gbọ́ ìpè Ọlọ́run ní ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ ní ọdún 1928. Ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 1930, ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooyè, Iléṣà. Ní ọdún 1932, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà. Nígbà tí ó jáde, iṣẹ́ ìhìnrere kan náà ló padà sí. Nígbà tí ìjọ Aposteli Kristi fìdí múlẹ̀, Isaac Akínyẹlé ni ààrẹ, D. O. Odùbánjọ sì ni alábòójútó àgbà. Ajíhìnrere àgbà ni Babalọlá, ipò náà ló sì wà títí ó fi sùn nínú Olúwa ní ọdún 1959. Kò jókòó sórí àga tó ga jù, síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu àwọn ọmọ ìjọ títí di òní.

Ẹnìkan lè wí pé iṣẹ́ àmì ló fún un ní ipa. Òótọ́ ni pé iṣẹ́ àmì ń pe èrò jọ. Ṣùgbọ́n Olúwa wa kìlọ̀ nínú Mátíù 7:22–23 pé àwọn kan yóò ka iṣẹ́ àmì wọn sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, òun yóò sì sọ pé òun kò mọ̀ wọ́n rí. Bí a bá sì ka ohun tí Pọ́ọ̀lù béèrè lọ́wọ́ alábòójútó nínú 1 Tímótíù 3:1–7, ìkọ́ni nìkan ni a lè pè ní ẹ̀bùn iṣẹ́. Ìwà, ilé àti orúkọ rere lọ́dọ̀ àwọn ará ìta ni gbogbo ìyókù. Àwa tí a ń kọ́ni gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ níbí: a máa ń lo ọ̀pọ̀ wákàtí lórí bí a ṣe ń to ìwàásù, a kì í sì í lo ìdajì rẹ̀ lórí bí òjíṣẹ́ ṣe ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀.

Níbo wá ni a ti ń kọ́ ipa yìí? Nínú ohun kéékèèké ni. Èkíní ni owó: kí àwọn mìíràn ka ọrẹ, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ọwọ́ wa má ṣe dá nìkan wọ inú àpótí. Èkejì ni ọ̀rọ̀ ẹnu: bí a bá ní a ó bẹ aláìsàn wò ní Ọjọ́bọ̀, kí Ọjọ́bọ̀ bá wa níbẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ilé, nítorí èéfín nìwà: ẹni tí a jọ ń gbé ló kọ́kọ́ ń rí i. Ẹ̀kẹrin ni ète: kí òjíṣẹ́ kọ ìdí tí Ọlọ́run fi rán an sí ibùdó náà sílẹ̀ ní gbólóhùn kan. Bí orúkọ tirẹ̀ bá ni kókó gbólóhùn náà, kí ó padà sórí eékún.

Ẹ̀yin tí a fẹ́ gbé ọwọ́ lé, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọn yóò gbé yín kúrò ní ibùdó yín àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ náà, ṣé ẹ lè dúró bíi Sámúẹ́lì, kí ẹ béèrè ẹni tí ẹ rẹ́ jẹ? Ìsinsìnyí ni kí a ti máa múra ìdáhùn náà sílẹ̀. Kí Olúwa fún gbogbo wa ní oore-ọ̀fẹ́ rẹ̀. Àmín.