Orin Tí Mo Gbọ́ Lẹ́yìn Tí Iná Lọ

Bí ẹ bá wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹ fi earphone sétí dáadáa, torí ohùn tí mo gbé wá lónìí ò pariwo rárá.

Alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì Rere ni mo gbà á sílẹ̀, nínú ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà kékeré kan, ní abúlé kan lẹ́yìn Abẹ́òkúta. Ká sòótọ́, kì í ṣe orin ni mo bá lọ. Ìró tí mo máa fi sábẹ́ ètò míì ni mò ń wá: agogo ṣọ́ọ̀ṣì, ìrẹ̀ tó ń ké, bẹ́ǹṣì onígi tó ń dún téèyàn bá jókòó. Mo rò pé ogún ìṣẹ́jú ti tó, kí n máa lọ sílé.

Wọ́n kọ́kọ́ mú orin méjì látinú ìwé orin, dùùrù ń bá wọn lọ. Kátíkíìsì máa ń ka ẹsẹ kọ̀ọ̀kan sókè kí wọ́n tó kọ ọ́. Mo rò pé torí àwọn tí ò mọ̀wé kà ni. Mo máa padà sórí ìyẹn. Àárín orin kejì ni iná lọ. Dùùrù dákẹ́. Kò sẹ́ni tó sáré lọ tan jẹnẹrétọ̀. Wọ́n tan fìtílà méjì síwájú, gbogbo wa sì jókòó jẹ́ẹ́ fúngbà díẹ̀. Màmá àgbàlagbà kan tó jókòó níwájú mi wá dá orin. Kò pe nọ́ńbà, kò ṣíwèé. Ó fa ohùn náà jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń bá ọmọ ẹ̀ sọ̀rọ̀, àwọn obìnrin tó kù sì ń gbè é.

Gbogbo ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ni mo gbọ́. Ẹyọ kan ò fò mí. Èmi tí mo ti ń kọrin ìsìn láti Sunday School, ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé tí kò bá sí ìwé lọ́wọ́ mi tàbí screen níwájú mi, ìdajì ohun tí mò ń kọ ni kì í yé mi.

Ẹ jẹ́ ká dán nǹkan kan wò. Ẹ pa ẹnu dé, kẹ́ ẹ fi imú kùn "ẹ káàárọ̀". Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín á fẹ́rẹ̀ẹ́ dáhùn. Ohun tí gángan ń ṣe nìyẹn. Kò ní ahọ́n, àmọ́ ó ń sọ̀rọ̀, torí pé nínú èdè wa, ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ló ń fi ìyàtọ̀ sáàárín ọ̀rọ̀ kan àtìkejì. Dò, re, mí tí tíṣà yín kọ́ yín nìyẹn. Ó dáa, ẹ mú "ọkọ̀ ìgbàlà". Re dò ni ọkọ̀. Tí orin bá lọ gbé ìparí ẹ̀ sókè, re mí, ó ti di ọkọ́ ìgbàlà. Ẹ ti dàgbẹ̀ nìyẹn.

Ohun tó sì ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ orin inú ìwé nìyẹn. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ṣe ohùn orin yẹn fún, Gẹ̀ẹ́sì ò sì bìkítà bóyá ohùn lọ sókè tàbí sísàlẹ̀. Kódà tó bá ṣèèṣì bá ẹsẹ kìíní mu, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ ló wà ní ẹsẹ kejì, ohùn orin kan náà ni wọ́n á sì fi kọ ọ́.

Kì í ṣe àwa la kọ́kọ́ rí i. Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, tí wọ́n bí lọ́dún 1855, bàbá bàbá Fẹlá, fi ohùn orin tiwa-n-tiwa kọ orin ìsìn nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Láwọn ọdún 1920, ó gbà wọ́n sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. Ekundayo Phillips, tó tẹ dùùrù ní Cathedral Church of Christ l'Ékòó láti 1914 di 1962, kọ odindi ìwé lórí orin Yorùbá, ó jáde lọ́dún 1953. Ohun tó ń jà fún ni pé kí ọ̀rọ̀ ṣáájú, kí ohùn orin máa tẹ̀ lé e. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni Fẹlá Ṣówándé ti kọrin nígbà tó wà lọ́mọdé. Fẹlá míì nìyẹn o. Irú orin bẹ́ẹ̀ làwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń pè ní native air.

Nígbà tí mo délé, mo fi clip méjì ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi kan tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù. Ó gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ìyá ẹ̀, àmọ́ kò lè kà á. Nínú orin ìwé, "Jésù" nìkan ló mú. Ti màmá yẹn, ó tú gbogbo ẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fún mi. Ẹnì kan ṣoṣo ni o, mi ò ní mo ṣèwádìí.

Àmọ́ ẹ má tíì ju ìwé orin nù. Lẹ́yìn ìsìn, mo bi màmá náà bóyá kò yẹ kí wọ́n pa àwọn orin òyìnbó yẹn tì. Ó wò mí bíi pé mo bú bàbá ẹ̀. "Ọmọ mi, òun la fi sin bàbá mi. Kátíkíìsì ti sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ fún wa ká tó kọ ọ́. Kí ló wá kù tí ò yé wa?" Ibẹ̀ ni kíkà yẹn ti wá yé mi. Ẹnu á ti sọ ọ́ bó ṣe yẹ kí orin tó gbé e gba ibòmíì.

Orin tí màmá dá lálẹ́ yẹn ò sí nínú ìwé kankan tí wọ́n ní. Ìyá ẹ̀ ló kọ́ ọ. Èkó làwọn ọmọ tiẹ̀ wà. Mẹ́ta péré ni mo rí gbà kí memory card mi tó kún, ó sì ní òun mọ̀ tó ogún míì. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Ma, ṣé kí n wá bá yín nílé, kẹ́ ẹ kọ wọ́n sínú fóònù fún mi?" Ó kọ̀.

"Èmi nìkan? Ta ló máa gbè é?"

Àwọn tó ṣì lè gbè é lábúlé yẹn ò ju mẹ́rin lọ, ẹsẹ̀ sì ń dun ọ̀kan nínú wọn, kò lè wá lálẹ́ yẹn.

Nítorí náà, Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù yìí, à ń lọ. Bọ́ọ̀sì elérò mẹ́rìnlá ni. Kò pọn dandan kóhùn yín dáa, ẹ ṣáà ti lè gbè. Ẹ fi voice note ránṣẹ́ sí mi. Àyè mẹ́sàn-án ló kù.