Àlàyé Ìdọ́gba Ìyípadà ní Èdè Yorùbá: Ọ̀rọ̀ Omi Gbígbóná

Àwọn kan nínú wa gbà pé iṣẹ́ àṣetiléwá físíìsì kò kan olùkọ́ èdè Yorùbá rárá. Àwa kò fara mọ́ èrò yìí. Ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama tí ó wà ní Festac Town àti káàkiri Amúwò-Ọ̀dọ̀fin, ọmọ tí ó mọ ìṣirò dáadáa a máa kọsẹ̀ lórí ìdọ́gba ìyípadà nítorí pé gbólóhùn inú ìbéèrè kò yé e. Gbólóhùn sì ni iṣẹ́ wa.

Ohun tí a ń pè ní ìdọ́gba ìyípadà níhìn-ín ni ìdọ́gba tí ó ń sọ bí nǹkan ti ń yára yí padà tó, tí kò sì sọ iye tí nǹkan náà jẹ́. Iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni láti ti ara ìyípadà náà wá iye rẹ̀ rí. Ìmọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì ní Èkó. Chike Obi, ẹni tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìṣirò ní Cambridge ní ọdún 1950, tí ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Èkó, orí irú àwọn ìdọ́gba bẹ́ẹ̀ ni ìwádìí rẹ̀ dá lé.

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ kan. A gbé ife omi tí ooru rẹ̀ jẹ́ 90 lórí ìwọ̀n Celsius sí orí tábìlì, nínú yàrá tí ooru rẹ̀ jẹ́ 30. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, omi náà ti wálẹ̀ sí 60. Kí ni yóò jẹ́ ní ìṣẹ́jú 20? Ọ̀pọ̀ ọmọ ni yóò dáhùn pé 30, nítorí pé 30 ni ó kọ́kọ́ lọ. (Bí èyí bá tọ̀nà, omi náà ìbá di 0 ní ìṣẹ́jú 30, a ìbá sì máa rí yìnyín lórí tábìlì ní Festac láìsí iná mànàmáná.)

Òfin tí Newton gbé jáde ní ọdún 1701 ni a ó lò: bí ooru omi bá ti fi ju ti yàrá lọ tó, bẹ́ẹ̀ ni omi náà yóò ti máa yára tutù tó. Ọ̀rọ̀-ìṣe méjèèjì náà, “fi” àti “jù”, ni ó gbé kókó ọ̀rọ̀ dání. Omi wa fi 60 gbóná ju yàrá lọ. Ẹ jẹ́ kí a pe ohun tí ó fi jù ú yìí ní èlé, bí èlé orí owó, kí a sì fi E dúró fún un. Ìdọ́gba rẹ̀ nìyí:

dE/dt = −kE

Apá òsì ń sọ bí èlé ti ń yára yí padà tó ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Àmì ìyọkúrò ń sọ pé ó ń dín kù. k jẹ́ iye kan tí kì í yí padà níwọ̀n ìgbà tí ife àti afẹ́fẹ́ yàrá bá wà bákan náà. Bí iná bá lọ tí fáànù sì dúró, k ti di òmíràn nìyẹn. Ní ìṣẹ́jú 10 àkọ́kọ́, èlé ti 60 di 30, ìyẹn ìdajì. Nítorí pé èlé tí ó ṣẹ́ kù nìkan ni òfin náà ń wò, ìṣẹ́jú 10 mìíràn yóò tún sọ 30 di 15, òmíràn yóò sì sọ 15 di 7.5. Nítorí náà, omi yóò jẹ́ 45 ní ìṣẹ́jú 20, yóò sì jẹ́ 37.5 ní ìṣẹ́jú 30. Bí a bá fẹ́ ìdáhùn fún ìṣẹ́jú èyíkéyìí, E = 60e^(−kt) ni, k sì jẹ́ 0.0693, nítorí pé 0.693 ni a pín sí ọ̀nà 10.

Ibi tí ògbufọ̀ ti ń bàjẹ́ ni pé àwọn ọmọ a máa kọ “ìtutù” fún ohun mẹ́ta. “Ó tutù” ń sọ ipò tí omi wà. “Ó ń tutù” ń sọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí i. “Bí ó ti ń yára tutù tó” nìkan ni ó bá dE/dt mu. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé “yára” ń fi ìkánjú hàn níhìn-ín. A lè béèrè bí ìgbín ti yára tó. Gbólóhùn tí a máa ń gbé fún kíláàsì ni pé omi 90 gbóná ju omi 45 lọ, síbẹ̀ òun ni ó ń yára tutù jù. Ẹni tí gbólóhùn yìí bá yé, ìdọ́gba náà ti yé e tán.

Iṣẹ́ tí Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970 ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Físíìsì ilé-ẹ̀kọ́ girama ni wọn kò dé. A kò sọ pé kí a lé Gẹ̀ẹ́sì kúrò: òun ni èdè ìdánwò físíìsì, oríṣiríṣi ẹ̀yà ni ó sì ń gbé Festac láti ìgbà tí àjọ̀dún 1977 tí a tìtorí rẹ̀ kọ́ ọ ti parí. Ohun tí a ń fẹ́ ni pé kí ọmọ kọ́kọ́ fi èdè tí ó gbọ́ sọ ohun tí ìbéèrè wí, kí ó tó fọwọ́ kan àmì ìṣirò.

Ní ti ẹ̀yin olùdánwò, ẹ fi irú ọ̀rọ̀ omi yìí sínú àyọkà àti ògbufọ̀, kí ó má jẹ́ ọdún ìbílẹ̀ nìkan ni a ó máa kà. Bí ọmọ bá sì kọ “bí ó ti ń yára tutù tó”, ẹ fún un ní máàkì rẹ̀ pé, bí ó tilẹ̀ gùn ju “ìtutù” lọ.