Ọ̀pá Inú Ọ̀run: Gálásì Méjì Tí Ojú Lè Rí Láti Gbájì

Bí ènìyàn bá dúró ní etí òkun tó wà ní gúúsù Gbájì, tó kọjú sí omi, kò sí ìlú kankan níwájú rẹ̀ mọ́ títí dé ilẹ̀ yìnyín ní ìsàlẹ̀ ayé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ojú pópó Àgbádárìgì sí Sẹ̀mẹ̀ wà, pẹ̀lú iná mọ́tò, àwọn aṣọ́bodè àti ariwo èrò. Iwájú rẹ̀ dúdú. Ọrọ̀ ńlá ni mo ka òkùnkùn yẹn sí, nítorí pé láti inú rẹ̀ ni ojú lásán ti lè rí méjì nínú àwọn ohun tó tóbi jù lọ tí ojú ènìyàn lè bà: gálásì méjì tó ní ọ̀pá láàárín. Inú ọ̀kan ni àwa fúnra wa ń gbé. Èkejì wà lókè òkun, ní apá ìsàlẹ̀ ọ̀run, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wò.

Gálásì ni agbo ìràwọ̀ tó pọ̀ kọjá kíkà, pẹ̀lú gáàsì àti eruku tó wà láàárín wọn, tí òòfà ara wọn so pọ̀. Àwọn kan rí róbótó, àwọn kan kò ní ìrísí pàtó, àwọn mìíràn sì tẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n ń yí po, apá wọn sì lọ́ jáde láti inú. Nínú àwọn alápá lílọ́ yìí, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ló ní ọ̀pá: ìlà gbọọrọ kan tó mọ́lẹ̀, tó la àárín kọjá láti ìhà kan dé ìhà kejì. Nínú irú gálásì bẹ́ẹ̀, apá kì í yọ láti àárín gbùngbùn. Orí ọ̀pá ló ti ń yọ, ọ̀kan ní ìpẹ̀kun yìí, ọ̀kan ní ìpẹ̀kun ọ̀hún.

Ọ̀pá náà kì í ṣe ohun líle. Ìràwọ̀ ni. Ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan ń rin ọ̀nà tirẹ̀, ọ̀nà tó gùn sí ẹ̀gbẹ́ méjì dípò kó rí róbótó. Nítorí pé àìmọye bílíọ̀nù wọn ló ń rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, tí ọ̀nà wọn sì dojú kọ ibì kan náà, ni a fi ń rí ọ̀pá. Ìràwọ̀ ń wọ inú rẹ̀, ìràwọ̀ ń jáde, síbẹ̀ ìrísí náà kò tú, gbogbo rẹ̀ sì ń yí lọ bí ẹyọ kan.

Iṣẹ́ tó ń ṣe ló wú mi lórí jù. Gáàsì tó ń yí po nínú gálásì a máa bá ọ̀pá pàdé, òòfà ọ̀pá a sì gbà lára ìyára rẹ̀. Ohun tó bá ti pàdánù ìyára kò lè dúró sí ọ̀nà tó wà tẹ́lẹ̀ mọ́, inú ló máa já bọ́ sí. Báyìí ni gáàsì ṣe ń ṣàn wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá, ní ìlà eruku dúdú méjì tó máa ń hàn nínú àwòrán. Nígbà tó bá dé àárín, ó kó jọ, a sì máa bí ìràwọ̀ tuntun níbẹ̀. Díẹ̀ nínú rẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ ihò dúdú tó wà láàárín gbùngbùn. Gálásì tó ní ọ̀pá, gálásì tí ń bọ́ inú ara rẹ̀ ni.

Ilẹ̀ Áfíríkà wà nínú ìtàn bí a ṣe rí àwọn ohun wọ̀nyí. Ní ọdún 1752, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Nicolas-Louis de Lacaille, tó wá wo ìràwọ̀ gúúsù láti ibi tí a ń pè ní Cape Town lónìí, kọ sílẹ̀ pé òun rí àbàwọ́n ìmọ́lẹ̀ kékeré kan. Òun ni a mọ̀ lónìí sí M83, gálásì tó ní ọ̀pá, tó jìnnà tó ọdún ìmọ́lẹ̀ mílíọ̀nù 15 (ọdún ìmọ́lẹ̀ kan ni ìwọ̀n ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn dé ní ọdún kan). Ní 1826, James Dunlop rí NGC 1365 láti Ọsirélíà. Ní 1835, John Herschel, tó gbé ọdún mẹ́rin ní Cape, rí NGC 1300, èyí tí ọ̀pá rẹ̀ tọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìwé ẹ̀kọ́ fi ń lò ó bí àpẹẹrẹ. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ̀ pé agbo ìràwọ̀ mìíràn ni òun ń wò. Láti Gbájì, gbogbo àwọn mẹ́ta yìí máa ń gòkè dáadáa lójú ọ̀run nígbà tí àsìkò wọn bá tó, àmọ́ ojú lásán kò ká wọn.

Àwòrán fọ́tò ló tú àṣírí ìrísí wọn. Ní 1918, Heber Curtis ní Amẹ́ríkà ya àwọn tó ní ọ̀pá sọ́tọ̀, ó sì fi lẹ́tà Gíríìkì φ pè wọ́n, nítorí ìlà tó la róbótó kọjá. Àríyànjiyàn ṣì wà nígbà yẹn bóyá inú Ọ̀nà Wàrà, gálásì tiwa, ni wọ́n wà tàbí ìta rẹ̀. Edwin Hubble ló parí ìjà náà láàárín 1923 sí 1924, nígbà tó rí ìràwọ̀ kan nínú àbàwọ́n ìmọ́lẹ̀ tí a ń pè ní Andromeda, tó ń tàn tó sì ń wọ̀ ní àkókò tó ṣe déédéé. Henrietta Leavitt ti fi hàn ṣáájú pé bí irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ṣe pẹ́ tó kó tó tún tàn ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, èyí sì jẹ́ kí a lè wọn jíjìnnà rẹ̀. Ní 1926, Hubble tò àwọn gálásì sí ìdílé, ó sì fún àwọn tó ní ọ̀pá ní àmì SB, èyí tí wọ́n ń jẹ́ títí di òní.

Tiwa ńkọ́? Ìbéèrè yìí ló pẹ́ jù kí ó tó rí ìdáhùn. A lè ya fọ́tò gálásì tó jìnnà tó ọdún ìmọ́lẹ̀ mílíọ̀nù 60, kí a sì rí ọ̀pá rẹ̀ kedere, síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ a kò mọ̀ bóyá tiwa ní ọ̀pá. Ẹ fi ojú inú wo ẹni tó dúró sí igun kan nínú ọjà alẹ́. Èéfín bo ọjà. Kò lè gun òkè kó wo ọjà láti òkè, kò sì lè jáde. Àtùpà nìkan ló ń rí. Bó bá ṣàkíyèsí pé àtùpà apá òsì tóbi lójú òun, wọ́n sì tàn ju ti apá ọ̀tún lọ, ó lè mọ̀ pé ìlà ìpàtẹ tó wà níwájú òun fì sí ẹ̀gbẹ́ kan: ìpẹ̀kun kan súnmọ́ ọn, ìkejì jìnnà. Ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ gbà rí ọ̀pá tiwa gan-an nìyẹn. Eruku inú gálásì ni èéfín náà.

Ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí kò lè la eruku yẹn já, ṣùgbọ́n ìgbì rédíò lè là á já. Láti 1951 ni a ti lè gbọ́ ohùn gáàsì háídrójìn láti gbogbo ìhà Ọ̀nà Wàrà. Bí gáàsì tó wà nítòsí àárín ṣe ń rìn kò bá ti ohun tó ń yí po róbótó mu. Nítorí ìdí èyí ni Gérard de Vaucouleurs fi sọ ní 1964 pé gálásì tiwa ní ọ̀pá. Àwọn díẹ̀ ló gbà á gbọ́. Ní 1991, Leo Blitz àti David Spergel lo ìmọ́lẹ̀ kan tó pupa kọjá ohun tí ojú ènìyàn lè rí, èyí tó lè la eruku kọjá, wọ́n sì fi hàn pé ìhà kan nínú àárín gálásì tàn ju ìhà kejì lọ. Àtùpà apá òsì nìyẹn. Ní 2005, tẹlisíkóòpù Spitzer tó wà lójú òfurufú ka ìràwọ̀ bíi mílíọ̀nù 30 ní ìhà yẹn, wọ́n sì wọn ọ̀pá náà sí nǹkan bí ọdún ìmọ́lẹ̀ 27,000. Ní 2019, àwọn tó ń lo ìwọ̀n tí sátẹ́láìtì Gaia ṣe to àwọn ìràwọ̀ sí àyè wọn lórí àwòrán ilẹ̀ gálásì, ọ̀pá náà sì yọ fúnra rẹ̀.

Gálásì wa yìí fẹ̀ tó ọdún ìmọ́lẹ̀ 100,000, ìràwọ̀ inú rẹ̀ sì wà láàárín bílíọ̀nù 100 sí 400. Oòrùn wa wà ní nǹkan bí ọdún ìmọ́lẹ̀ 26,000 sí àárín, ó sì ń gba bíi ọdún mílíọ̀nù 230 kí ó tó yí i ká lẹ́ẹ̀kan. Lára àwọn tó ń wo àárín yẹn dáadáa jù lónìí ni MeerKAT ní Gúúsù Áfíríkà, tó ní àwo ńlá 64 tí wọ́n fi ń gba ìgbì rédíò. Ghana pàápàá ti sọ àwo kan tó fẹ̀ ní mítà 32 ní Kuntunse, nítòsí Accra, di tẹlisíkóòpù rédíò láti ọdún 2017. Àwo tẹlifóònù àtijọ́ ni tẹ́lẹ̀. Etíkun kan náà ni àwa àti Ghana jọ ń pín. Ó dùn mí pé kò sí irú rẹ̀ ní apá ọ̀dọ̀ wa, níwọ̀n bí Naijíríà ti ní olùṣáájú bíi Ọ̀jọ̀gbọ́n Samuel Okoye, ẹni tó kọ́ ìmọ̀ ìràwọ̀ nípa rédíò ní Cambridge kó tó wá dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní Nsukka.

Àsìkò ṣe pàtàkì ní Gbájì. Láti oṣù kẹfà ni àárín Ọ̀nà Wàrà ti ń wà lókè ní òru, ṣùgbọ́n òjò kì í jẹ́ kí a rí i. Láti ìparí ọdún, ọyẹ́ a gbé eruku aṣálẹ̀ dé. Oṣù kẹwàá ni mo fara mọ́, nígbà tí òjò ti fọ ojú ọ̀run tí ọyẹ́ kò tíì dé, ní alẹ́ tí òṣùpá kò sí. Ní aago mẹ́jọ alẹ́, ẹ kọjú sí gúúsù ìwọ̀ oòrùn. Ibi tí ìlà funfun Ọ̀nà Wàrà ti nípọn jù ni àárín gálásì wa. Ẹ tẹ̀lé ìlà náà gòkè sí ìhà Altair, ìràwọ̀ títàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí wa gan-an ní wákàtí yẹn. Ìpẹ̀kun ọ̀pá tó súnmọ́ wa fi ara pamọ́ sẹ́yìn eruku láàárín ibi méjèèjì. Iná àwọn ilé tuntun létí òkun lè ba ìran yìí jẹ́ pátápátá. Bí wọ́n bá dojú iná wọn kọ ilẹ̀ dípò ọ̀run, yóò ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀.

Ẹ sùn, kí ẹ tún jí ní aago mẹ́rin ìdájí. Ẹ kọjú sí òkun tààrà. Sirius, ìràwọ̀ tó tàn jù lọ lójú ọ̀run, wà lókè. Canopus tó tẹ̀lé e ní títàn wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ sọ̀kalẹ̀ láti ara Canopus sí apá ọ̀tún, kí ẹ na ọwọ́, kí ẹ wọn ìkúùkù kan àti ààbọ̀ láti ojú omi sókè. Àbàwọ́n funfun gígùn tó wà níbẹ̀ ni Àwọsánmà Magellan Ńlá, gálásì kejì tí mo sọ. Wọ́n fi orúkọ Ferdinand Magellan pè é, nítorí pé Antonio Pigafetta, tó wà nínú ìrìn àjò yí ayé ká tí Magellan bẹ̀rẹ̀, láti 1519 sí 1522, kọ nípa rẹ̀. Àmọ́ kò pọn dandan kí ará gúúsù ayé dúró de ọkọ̀ Magellan kó tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Kúrukúru òkun lè bò ó ní ọ̀pọ̀ òru, nítorí pé kò ga. Ó gba sùúrù.

Gálásì yìí jìnnà tó ọdún ìmọ́lẹ̀ 160,000, ó sì kéré sí tiwa púpọ̀. Ọ̀pá rẹ̀ kò sí láàárín gan-an, ó yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, apá kan ṣoṣo ló sì hàn gbangba lára rẹ̀. De Vaucouleurs yìí kan náà ló ṣàlàyé irú gálásì bẹ́ẹ̀. Ohun tí ojú ń rí nínú àbàwọ́n náà jù lọ ni ọ̀pá yẹn, láìsí eruku tó bò ó bíi tiwa. Ẹni tó bá ní awò olójú méjì yóò rí ibì kan tó mọ́lẹ̀ yàtọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpẹ̀kun ọ̀pá náà. Tarantula ni wọ́n ń pè é, ibi tí a ti ń bí àwọn ìràwọ̀ ńláńlá. Nítòsí ibẹ̀ ni ìràwọ̀ kan ti bú gbàmù tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì dé ayé ní oṣù kejì ọdún 1987. Fún ọ̀pọ̀ oṣù ni ojú lásán fi rí i, òun sì ni irú rẹ̀ tó tàn jù lójú wa láti ọdún 1604.